Bí Seymour Haden ṣe ń jẹ́ kí ásíìdì bá òun yàwòrán

Iṣẹ́ abẹ ni Francis Seymour Haden, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n bí lọ́dún 1818, fi ń jẹun. Àmọ́ àwòrán orí bàbà ló sọ ọ́ di olókìkí.

Iṣẹ́ yìí, tí àwọn òyìnbó ń pè ní etching, máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí páànù bàbà pẹlẹbẹ tí ojú rẹ̀ ń dán. Wọ́n á fi ìda kun gbogbo ojú rẹ̀. Ohun tí ẹ̀kọ ń ṣe lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìda yìí ń ṣe: ibi tó bá bò, ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ayàwòrán á wá fi abẹ́rẹ́ ha ìda náà títí bàbà yóò fi hàn. Bí wọ́n bá rì í bọ inú ásíìdì, ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá nìkan ni ásíìdì á jẹ. Bó bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni ilà á ṣe jìn tó. Bó bá ṣe jìn tó ni yóò ṣe gba tàdáwà tó, tí á sì dúdú tó lórí ìwé.

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń ya gbogbo rẹ̀ tán kó tó kan ásíìdì. Wọ́n á yọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n á fi fáníìṣì dí àwọn ilà tí wọn ò fẹ́ kó dúdú jù, wọ́n á tún dá a padà síbẹ̀. Haden fẹ́ràn ọ̀nà mìíràn: inú ásíìdì gan-an ni páànù máa ń wà nígbà tó bá ń yàwòrán sí i. Ilà tó kọ́kọ́ fà ló máa pẹ́ níbẹ̀ jù, òun ló sì máa dúdú jù. Èyí tó fà kẹ́yìn á fẹ́lẹ́. Nítorí náà, igi tó wà nítòsí àti òjìji abẹ́ rẹ̀ ló máa ń ṣíwájú, òkè tó wà lókèèrè á tẹ̀ lé e. Ásíìdì tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ló bá ọ̀nà yìí mu, ìyẹn hydrochloric acid àti potassium chlorate tí wọ́n pò mọ́ omi. Nitric acid ní tiẹ̀ máa ń hó, ó sì máa ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ilà fẹ̀. Ọ̀nà yìí le púpọ̀: ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, ásíìdì ò ní dúró dè é. Ọwọ́ tó ti mọ́ iṣẹ́ abẹ lára ló yẹ ẹ́ lóòótọ́.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á nu ìda kúrò, wọ́n á fi tàdáwà tó ki kun páànù, wọ́n á sì fi aṣọ nù ún títí yóò fi ku ti inú ilà nìkan. Ìwé tí wọ́n ti fi omi rẹ ni wọ́n ń tẹ́ lé e kó tó gba abẹ́ rólà ẹ̀rọ kọjá, torí pé ìwé tó rọ̀ ló lè wọnú ilà lọ kó tàdáwà jáde. Ọ̀tún á di òsì lórí ìwé náà.

Haden tún máa ń fi abẹ́rẹ́ ha bàbà gan-an láìlo ásíìdì. Bàbà tó hù sókè létí ilà á gba tàdáwà, ilà náà á sì rọ̀ lójú. Àmọ́ ẹ̀rọ kì í pẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn ìwé tó kọ́kọ́ jáde ló ń dára jù.

Láyé ìgbà yẹn, adàwòkọ lásán ni wọ́n ka ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fín bàbà sí, torí pé àwòrán ẹlòmíràn ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀. Haden, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó iṣẹ́ Rembrandt, ayàwòrán ńlá ọmọ ilẹ̀ Netherlands àtijọ́ tó ń ya àwòrán orí bàbà fúnra rẹ̀, jọ, kò gba èyí rárá, ó sì tọ̀nà. Lọ́dún 1880, ó ṣáájú nínú dídá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán orí bàbà sílẹ̀, ó sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ títí ó fi kú lọ́dún 1910. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù.