Dókítà Tó Ń Wo Fóònù Níwájú Aláìsàn: Ṣé Kò Mọṣẹ́ Ni?

Màámi ló bi mí ní ìbéèrè yìí. A jókòó níwájú dókítà, eyín ń dùn wọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn apá òsì sì ti wú. Dókítà náà tẹ́tí sí wọn, ó fi iná wo ẹnu wọn, ó wá béèrè àwọn oògùn tí wọ́n ń lò. Bí wọ́n ṣe dárúkọ warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, tí wọ́n ń lò nítorí ọkàn wọn tí kì í lù déédéé, dókítà gbé bírò sílẹ̀, ó mú fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Màámi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bọ́ lẹ́nu wọn nígbà tá a jáde ni pé: "Ohun tí kò mọ̀ ló ń wá nínú fóònù yẹn? Ta ló wá ń tọ́jú mi, ṣé òun ni àbí fóònù?"

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí mo mọ Màámi. Bí ọkàn wọn kò bá balẹ̀ sí dókítà kan, oògùn tó bá fún wọn á kàn wà nínú ike rẹ̀ ni. Mo wá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, mo ka ohun tí mo lè kà. Ìdáhùn tí mo fún wọn nìyí, àti sí àwọn ìbéèrè míì tí wọ́n fi tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, kí ló tún ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Ìmọ̀ ìṣègùn ti kọjá ohun tí orí ẹnì kan lè gbà. PubMed wà, ibi tí ilé ìkówèésí ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà kó àkọsílẹ̀ ìwádìí ìṣègùn sí, tí gbogbo ayé sì ń wò lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1997. Àkọsílẹ̀ tó wà níbẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 35. Àìsàn tí kì í wọ́pọ̀ nìkan, ó lé ní 6,000. Kò sí dókítà kan tó máa fojú rí gbogbo wọn kó tó fẹ̀yìn tì.

Èyí tó tiẹ̀ le jù ni pé ohun tí wọ́n kọ́ a máa yí padà. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n máa dojú ọmọ tuntun dé bó bá ń sùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìwádìí fi hàn pé àwọn ọmọ tó ń sùn bẹ́ẹ̀ ni ikú òjijì ń pa jù lójú oorun, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kéde láti nǹkan bí ọdún 1990 síwájú pé kí wọ́n máa tẹ́ ọmọ lórí ẹ̀yìn. Dókítà tó jáde ilé ìwé ṣáájú ìgbà yẹn, tí kò sì yẹ ohun tó kọ́ wò mọ́, ìmọ̀ràn tó lè pa ọmọ ló máa fún ìyá, pẹ̀lú ìdánilójú àti ẹ̀rín músẹ́. Tàbí kẹ̀, ẹ wo aspirin táwọn àgbàlagbà ń lò lójoojúmọ́ kí àrùn ọkàn má bàa mú wọn. Lọ́dún 2022, ìgbìmọ̀ tó ń gba àwọn dókítà Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí ìdènà àrùn sọ pé kí ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún, tí kò ní àrùn ọkàn, má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó lè máa dà nínú.

Lọ́dún 1985, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ mọ iye ìgbà tí nǹkan máa ń rú àwọn dókítà lójú lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n rí i pé nínú aláìsàn mẹ́ta, ìbéèrè méjì ló máa ń jáde tí dókítà kò ní ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́dún 2014, àwọn mìíràn kó ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdajì irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ làwọn dókítà máa ń wá ìdáhùn sí. Àwọn tó bá sì wá a, nínú ìgbà mẹ́wàá, wọ́n máa ń rí i tó ìgbà méjọ. Èmi o, ìdajì kejì ló ń já mi láyà, èyí tí dókítà fi sílẹ̀ láìwá, tí aláìsàn sì lọ sílé pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ torí pé kò rí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Kí ló wá ń wò níbẹ̀ gan-an?

Ìdáhùn: Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwọ̀n oògùn ni. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn dáadáa. Ara ọmọ kékeré kan ń gbóná, ó wọn kílò 12, dókítà sì fẹ́ fún un ní paracetamol, mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180. Ṣùgbọ́n olómi ni oògùn náà, ìyá ò lè fi mílígíráàmù bù ú. Bí ó bá jẹ́ ìgò tí mílígíráàmù 120 wà nínú mílílítà 5 rẹ̀, mílílítà 7.5 ni ọmọ náà máa mu. Ìgò míì wà lórí àtẹ kan náà tó jẹ́ 250 nínú mílílítà 5, tó fi ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì kọ 7.5 tí àmì kékeré àárín rẹ̀ bá fò, 75 ló dà yẹn. Ẹni tó ń ṣe irú ìṣirò báyìí fún ọgbọ̀n ọmọ lójúmọ́, ṣé ẹ fẹ́ kó máa fi orí ṣe é?

Tí kì í bá ṣe ìwọ̀n, á jẹ́ pé bóyá oògùn kan á bá òmíràn jà lára ló ń wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Màámi nìyẹn. Dókítà náà fẹ́ kọ metronidazole, tí wọ́n sábà máa ń lò bí kòkòrò bá wọ eyín. Metronidazole kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ fọ́ warfarin bó ṣe yẹ. Warfarin á wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni náà á sì lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láti imú, nínú ìfun, tàbí nínú ọpọlọ pàápàá. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo aláìsàn kíyè sí nínú ìtàn yìí ni pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa oògùn méjèèjì kò ní fura rárá, kò sì ní mú fóònù. Ìfura dókítà yẹn ló gbé fóònù. Nígbà tó gbójú sókè, oògùn míì ló kọ fún wọn, ó sì ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láàárín ọ̀sẹ̀ náà.

Àwọn nǹkan míì tún wà: bóyá aboyún lè lò ó, bóyá kíndìnrín tó ti rẹ̀ lè gbé e, àwòrán èélá tí kò wọ́pọ̀. Kì í sì í ṣe àṣà tuntun. Láti ọdún 1949 làwọn dókítà ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti ń ní ìwé oògùn kan, British National Formulary, tí wọ́n ń ṣí lójú aláìsàn. Ìwé náà ló wọ inú fóònù.

Ìbéèrè: Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ọkàn wa kì í balẹ̀?

Ìdáhùn: Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti rú mi lójú jù nìyí. Lọ́dún 2007, Hal Arkes àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní káwọn èèyàn ka ìtàn nípa dókítà, kí wọ́n sì sọ bó ṣe mọṣẹ́ tó. Àwọn tó ka ti dókítà tó lo kọ̀ǹpútà láti mọ àìsàn fojú kéré rẹ̀ ju ẹni tó fi orí ara rẹ̀ ṣe é lọ. Ìwádìí míì wá tẹ̀ lé e lọ́dún 2013, wọ́n fi dókítà tó lọ béèrè lọ́wọ́ ògbógi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kún un. Àwọn èèyàn ò fojú kéré ìyẹn. Kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n bá jà.

Àwọn méjèèjì kúkú ń wá ìrànlọ́wọ́. Àwa tá a sì máa ń sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, kí ló dé tí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n fi di àléébù nígbà tó gba inú ẹ̀rọ wá?

Mo rò pé ohun tí fóònù jẹ́ fún wa ló fà á. Fóònù la fi ń bá ọ̀rẹ́ ṣàwàdà, òun la fi ń wo bọ́ọ̀lù. Bí dókítà bá pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn: "Mo ní aláìsàn kan níbí o, ó ń lo warfarin..." A mọ̀ pé tiwa ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n bó bá tẹrí sí fóònù, ẹ̀yìn fóònù là ń rí. Ó lè jẹ́ oògùn wa ló ń wò, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ránṣẹ́ ló ń kà. Lákòókò yẹn gan-an tí ara ń ni wá, ojú kan ṣoṣo tá a gbójú lé ti kúrò lára wa. Ìṣẹ́jú kan péré ni, àmọ́ ìṣẹ́jú kan gùn lọ́wọ́ ẹni tí nǹkan ń dùn.

Nítorí náà, mi ò dá Màámi lẹ́bi. Dókítà náà ṣe ohun tó tọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe é láìlanu. Gbólóhùn kan ni ìbá sọ: "Màmá, mo fẹ́ rí i dájú pé oògùn eyín yìí ò ní bá ti ọkàn yín jà." Ọkàn wọn ìbá balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo tiẹ̀ gbà pé wọn ìbá yìn ín délé.

Ìbéèrè: Ṣé ohun tó ń rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun témi náà lè wá fúnra mi?

Ìdáhùn: Ibòmíì ló sábà máa ń wò. Ibi tí àwọn dókítà ti ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò ni, bíi Cochrane, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1993 láti máa kó ìwádìí jọ kí wọ́n sì máa wọn bó ṣe lágbára tó, tàbí UpToDate, tí dókítà kan bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1992, tí wọ́n sì ń sanwó kí wọ́n tó lè lò.

Àmọ́ bó tiẹ̀ jẹ́ Google lásán, ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀. Lọ́dún 2006, dókítà méjì ní Ọsirélíà mú ìtàn aláìsàn 26 tó ṣòro, wọ́n yan ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi wá a lórí Google. Nínú 15, wọ́n rí orúkọ àìsàn náà gan-an. Ó dáa, àmọ́ ẹ má gbàgbé pé dókítà ló mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n yàn, dókítà náà ló sì mọ èyí tó bá aláìsàn mu nínú àwọn èsì tó jáde. Àní bẹ́ẹ̀ náà, 11 bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Témi bá tẹ "orí fífọ́", jẹjẹrẹ ọpọlọ ni mo máa bá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló wá yẹ kí n fura sí dókítà?

Ìdáhùn: Bí kò bá tíì bi yín ní nǹkan kan, tí kò tíì fọwọ́ kàn yín, tó sì ti ń wá àìsàn yín nínú fóònù. Bó bá ń ka èsì àkọ́kọ́ tó jáde sí yín létí bí ẹni ń ka ìròyìn. Bó bá jẹ́ ojú ewé ẹni tó ń ta oògùn ló ń wò. Ẹ gbé àwọn yẹn yẹ̀ wò dáadáa, kẹ́ ẹ sì wá ẹlòmíì tẹ́ ẹ bá lè ṣe é.

Ti ẹ̀rọ tó ń fèsì bí èèyàn, irú ChatGPT tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta kókó díẹ̀. Ó lè fi ìdánilójú sọ ohun tí kò sí, ó tiẹ̀ lè dárúkọ ìwádìí tẹ́nì kankan ò ṣe rí. Bí dókítà yín bá lò ó, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tó ti fìdí èsì rẹ̀ múlẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ yín tàbí ohunkóhun tí wọ́n lè fi dá yín mọ̀ sínú ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń lò. Lórí èyí, ẹ má tijú rárá.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa béèrè tí kò fi ní dà bíi pé mò ń yájú sí i?

Ìdáhùn: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń yẹ̀ wò fún mi?" Ó tán. Bó bá ti dáhùn, ẹ béèrè pé, "Ṣé ohun tẹ́ ẹ rí yí èrò yín padà?" Ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ lẹ máa ti mọ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń ronú. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn mẹ́ta mẹ́rin, ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé dání, kó lè rí wọn tẹ̀ láìṣìnà.

Màámi kọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn sórí bí ẹni kọ́ àkọ́sórí. Nígbà tá a padà lọ pẹ̀lú èsì ẹ̀jẹ̀ wọn, dókítà kan náà tún mú fóònù, wọ́n sì bi í. Ó wò wọ́n, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, ó yẹ kí n ti sọ." Ó sún àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó na fóònù sí wọn. Màámi wá awò wọn nínú báàgì, wọ́n nù ún, wọ́n fi ìka tọ ojú fóònù náà títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n kọ warfarin sí. "Oògùn mi rè é," ni wọ́n wí. Wọ́n ní kí dókítà ka ìlà tó tẹ̀ lé e sókè.