Òróró inú ewé àti kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́

Fún èèpo ọsàn tútù sí ẹ̀gbẹ́ iná àbẹ́là. Ohun tó ta jáde tí iná sì gbé lójú ẹsẹ̀ kì í ṣe omi ọsàn. Òróró ni. Òun náà ló ń ta sí wa lójú nígbà tí a bá ń bó ọsàn. Irú rẹ̀ wà nínú efinrin, nínú kànáfùrù, àti nínú igi tea tree ti ilẹ̀ Ọsirélíà; òun ló ni òórùn wọn. Wọ́n á jẹ́ kí ooru omi híhó gba àárín ewé kọjá, ooru náà á gbé òróró dání, tó bá sì tutù, òróró á yà sọ́tọ̀ lára omi. Essential oil ni wọ́n ń kọ sára ìgò rẹ̀.

Kí ló wá kan kòkòrò àrùn níbẹ̀? Bakitéríà, kòkòrò àrùn tí ojú lásán ò lè rí, ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó bò ó, ọ̀rá sì wà nínú awọ náà dáadáa. Ọ̀rá àti òróró kì í kọ ara wọn. Èròjà òróró tí wọ́n ń pè ní thymol, tó máa ń wà nínú efinrin, àti eugenol inú kànáfùrù á wọnú awọ yìí, á lu ú jò, ohun tó wà nínú kòkòrò á máa ṣàn jáde títí á fi kú.

Ibì kan pàtó lára kòkòrò ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ńtíbáyótíìkì, ìyẹn oògùn tó ń pa bakitéríà, ń kọlù ní tiwọn. Tí kòkòrò bá ti pa ibẹ̀ dà, oògùn ò ràn án mọ́ nìyẹn. Ọdún 1959 ni ẹ̀ńtíbáyótíìkì kan, methicillin, jáde fún Staphylococcus, kòkòrò tó ń fa eéwo. Ní 1961, wọ́n ti rí èyí tí kò kú fún un nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. MRSA là ń pè é dòní. Láti pa ibì kan dà yá ju láti pààrọ̀ gbogbo awọ kòkòrò lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi yíjú sí òróró ewé. Síbẹ̀, bakitéríà kan, Pseudomonas, tó máa ń ba ojú ibi tí iná jó jẹ́, ní ìbòrí kejì lóde awọ yẹn, òróró kì í sábà rí i gbé ṣe.

Ní 2004, ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí aláìsàn 236 tó ní MRSA lára. Oògùn ìpara mupirocin pa á run nínú imú ẹni 78 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpara tea tree, ẹni 47. Ṣùgbọ́n lójú awọ ara, tea tree ṣe dáadáa ju ìpara tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ẹnì kan á gbọ́ pé òróró kan pa kòkòrò nínú àwo ní yàrá àyẹ̀wò, á sì rò pé òun lè mu ún. Àwo ò ní ẹ̀dọ̀. Ara tiwa náà ní awọ ọlọ́ràá bíi ti kòkòrò, òróró tó lu tirẹ̀ jò lè lu tiwa. Àwọn ọmọdé tó gbé òróró kànáfùrù mì ti ní àrùn ẹ̀dọ̀ tó le. Tea tree tí ènìyàn gbé mì ti sọ àwọn kan di aláìmọ ibi tí wọ́n wà. Mo bẹ yín, ẹ má fún ọmọ mu. Efinrin inú ọbẹ̀ ò ṣeé fi wé e, òróró inú rẹ̀ kéré jọjọ.

Ohun tí mo ń fojú sọ́nà fún ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe báyìí ní yàrá àyẹ̀wò: wọ́n á fi òróró díẹ̀ la awọ kòkòrò, kí ẹ̀ńtíbáyótíìkì tí kò ràn án tẹ́lẹ̀ lè ríbi gbà wọlé.