Lẹ́tà Tó Ti Ojú Ìwọ́de Wá

Ìgbà tí à ń múra ọgọ́rin ọdún màmá wa ni mo gbé iṣẹ́ bánà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan l'Ádó-Èkìtì. "Ọpẹ́ Yẹ Ọ́" la ní kí wọ́n kọ sí i gbàgàdà. Ohun tó jáde, gbogbo lẹ́tà ẹ àti ọ ti di àpótí òfìfo. Ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ mira: "Mọ́mì, fọ́ǹtì yẹn ò gbọ́ Yorùbá ni." Fọ́ǹtì ni ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé.

Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ló ká Tré Seals lára, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ń ya lẹ́tà àti àwòrán ìpolówó. Gbogbo iṣẹ́ tó ń rí jọ ara wọn, àfi bíi pé ojúlé kan ṣoṣo ni wọ́n ti wá. Láti 1987 sì ni Cheryl D. Miller, tóun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ti béèrè pé àwọn aláwọ̀ dúdú dà nínú rẹ̀. Ní 2016, Seals dá Vocal Type, ilé iṣẹ́ tó ń ya fọ́ǹtì, sílẹ̀, ó wá lọ ń ṣa lẹ́tà lára pátákó ìwọ́de àtijọ́.

Ti Memphis, ìlú kan l'Amẹ́ríkà, ló mú mi jù. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì 1968, òjò lé Echol Cole àti Robert Walker, akólẹ̀ ìlú, wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí. Ẹ̀rọ tó ń tẹ pàǹtí mọ́lẹ̀ tẹ̀ wọ́n pa. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, nǹkan bí 1,300 akólẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀. Pátákó ọwọ́ wọn kà pé: I AM A MAN. Èèyàn ni mí. Baba ọlọ́mọ ni wọ́n ń pè ní bọ́ì níbẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá dán an wò l'Ékìtì á gbọ́ tirẹ̀. Lẹ́tà náà ki, ó dúdú, ìlà wà lábẹ́ AM. Ibẹ̀ ni fọ́ǹtì Martin ti wá, tí wọ́n fi sọrí Martin Luther King, ajìjàgbara aláwọ̀ dúdú tí wọ́n yìnbọn pa ní Memphis lóṣù kẹrin ọdún náà. Fọ́ǹtì Bayard ní tirẹ̀ wá láti ìwọ́de ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington lọ́dún 1963, tí Bayard Rustin ṣètò.

Tiwa ńkọ́? Láti ayé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther la ti ń fi àmì sábẹ́ e àti o. Síbẹ̀, Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún lẹ́tà ẹ ní kóòdù tirẹ̀, kò fún ẹ́ tó ní àmì ohùn lórí. À ń so àmì ohùn mọ́ ọn ni, tí ẹni tó ya fọ́ǹtì ò bá sì fi ìjókòó sílẹ̀ fún un, á máa fò kiri. Màmá wa fúnra rẹ̀, ulé ló ń pe ilé. Ìyẹn ò tiẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ìwé.

Àwọn oníṣẹ́ fọ́ǹtì ń pe àpótí òfìfo yẹn ní tofu. Ìdí tí Google fi sọ fọ́ǹtì tiwọn ní Noto nìyẹn, pé kó má sí tofu mọ́. Òun lọmọ ṣọ́ọ̀bù náà wà jáde. Ẹsẹ̀ ẹ àti ọ pé, àmọ́ ó tẹ́ẹ́rẹ́ lójú mi. Mo ní kó fi èyí tó ki jù sí i, kí ará ẹ̀yìn náà lè kà á.