Ríìgì wà lójú òkun, àmọ́ ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rí wà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹ jọ̀ọ́, òkun tó fẹ̀ tó báyìí, báwo lẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ mọ̀ pé ríìgì kan, ilé irin tí wọ́n fi ń wa epo lójú òkun, ti ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀? Ṣé wọn ò kàn ń méfò ni?

Wọn ò méfò rárá. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé ojú omi tí gbogbo wa ń wò kọ́ ni ọ̀rọ̀ gidi wà, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni. Tí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga epo, wọ́n máa ń da ẹrẹ̀ oníkẹ́míkà kan sínú ihò náà, òun ló ń jẹ́ kí irin máa yí dáadáa, òun náà ló ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ tí irin ń họ bọ̀ wá sókè, ibi tí òfin bá sì ti gbà á, wọ́n á da òkúta yẹn padà sínú òkun, á rì, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yí ríìgì ká. Kò lè sá lọ.

Norway ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ torí lójú tèmi àwọn ló ṣètò ẹ̀ dáadáa jù. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń padà sí agbègbè kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ á lọ, wọ́n á sọ irin ńlá ẹlẹ́nu méjì sísàlẹ̀, tó bá ti kanlẹ̀ ẹnu ẹ̀ á pa dé, á bu ẹrẹ̀ bọ̀. Wọ́n á bù ú ní mítà 250 sí ríìgì, 500, 1000, 2000, lápá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á tún lọ bu ti ibi tó jìnnà gan-an tí ríìgì kankan ò sí, kí wọ́n lè fi wé e.

Ẹrẹ̀ lásán? Kí ló fẹ́ sọ?

Ẹ má fojú di ẹrẹ̀ o. Àkọ́kọ́, kẹ́míkà ni wọ́n ń wá: epo wà níbẹ̀ àbí kò sí, barium, irú mẹ́táàlì kan, ńkọ́? Barium yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ lóró níbẹ̀, àmọ́ inú ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga ló pọ̀ sí, torí náà ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i tó ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ mọ̀ pé ìdọ̀tí ríìgì ti débẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ èmi jù ni ìkejì. Wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹrẹ̀ náà, gbogbo ẹ̀dá kéékèèké tó bá kù sórí asẹ́, àwọn tó jọ ekòló, ìkarahun pínníṣín, ọmọ akàn, wọ́n á dárúkọ wọn, wọ́n á kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wo wàhálà!

Oríṣi ló ń sọ̀rọ̀, iye nìkan kọ́. Ilẹ̀ òkun tí ara ẹ̀ yá máa ń ní oríṣi ẹ̀dá tó pọ̀. Tí epo bá dé, àwọn tí kò lè fara dà á á kú, ẹ̀dá kan tó jọ ekòló tí wọ́n ń pè ní Capitella tí ìdọ̀tí ò ṣe nǹkan kan fún á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ẹni tí kò mọ̀ á wá ní ṣebí ẹ̀mí ṣì pọ̀ níbẹ̀.

Irú kíkà yìí ni àwọn onímọ̀ òkun méjì, Frode Olsgard àti John Gray, kó jọ lọ́dún 1995, wọ́n rí i pé láwọn ibì kan ní Norway, ọṣẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹrẹ̀ elépo bá jáde dé kìlómítà mélòó kan sí ríìgì. Norway ti fòfin de dídà á sókun láti 1993, àyẹ̀wò kan náà ló sì wá fi hàn lẹ́yìn náà pé ilẹ̀ tó bàjẹ́ ń kéré sí i.

Ẹja ńkọ́? Ẹja ò kí ń dúró lójú kan.

Ẹ ti rí ìṣòro ẹ̀. Wọ́n wá ń ti àwọn kan mọ́ inú àgò. Omi kan máa ń bá epo jáde látinú ilẹ̀, wọ́n á fọ epo kúrò nínú ẹ̀ kí wọ́n tó dà á sókun, ní òkun Àríwá ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà ò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù epo 30 nínú lítà omi kan. Wọ́n á so àgò mussel, àwọn ẹ̀dá inú ìkarahun tó máa ń sẹ́ omi mu, àti àgò ẹja cod sí ọ̀nà ibi tí omi yẹn ń ṣàn gbà, àwọn kan nítòsí, àwọn kan lọ́ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n á kó wọn, wọ́n á yẹ òróòro ẹja wò bóyá epo ti gbabẹ̀ kọjá. (Cod yìí náà ni wọ́n ń gbẹ ní Norway tó fi ń di pańla nílé wa o.)

Tí epo bá dé etíkun, tí ilé-iṣẹ́ ní tàwọn kọ́, ta la máa gbà gbọ́?

Epo rọ̀bì kọ̀ọ̀kan ní àmì tiẹ̀ bí ìtẹ̀ka, lábù lè gbé epo etíkun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kànga kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n bára mu. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá ríìgì Deepwater Horizon tó bú gbàmù ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2010 pé epo kànga yẹn gan-an ló wà lára iyùn kan (ẹ̀dá tó ń gbé nísàlẹ̀ òkun, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) tó ń kú lọ ní kìlómítà 11 síbẹ̀, nínú omi tó jìn tó mítà 1,370. Ta ni ì bá rí i tí wọn ò bá rán rọ́bọ́ọ̀tì lọ?

Tiwa wá ni Bonga. Ní December 20, 2011, páìpù tó ń gbé epo sínú ọkọ̀ jò ní ibùdó Shell yìí, nǹkan bíi kìlómítà 120 sí etíkun Niger Delta, ilé-iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ ní ó tó nǹkan bí àgbá 40,000. Sátẹ́láìtì rí i dáadáa, torí epo máa ń tẹ́ ìgbì kéékèèké, ojú ibẹ̀ á dúdú nínú àwòrán rádà, bílẹ̀ ṣú bí kùrukùru bolẹ̀. Àmọ́ sátẹ́láìtì ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹja. Shell ní epo náà túká kó tó dé ilẹ̀, àwọn ará etíkun ní irọ́, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ẹjọ́ yẹn dé London, ní May 2023 ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ pé jíjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó parí láàárín wákàtí mélòó kan ni, epo tó bá ṣì wà nílẹ̀ ò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ń bá a lọ, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ ni kíka ọdún tí òfin fún èèyàn láti pẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí tí kò tètè jáde ò wúlò mọ́ nìyẹn.

Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá ti yẹ ibẹ̀ wò kí ríìgì tó dé?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀ wà. Tí kò bá sí àkọsílẹ̀ tàkọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ á ní bí òkun ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn, apẹja á ní kò rí bẹ́ẹ̀, adájọ́ á kàn máa wòran.

Nílùú wa ńkọ́?

Òfin wà: òfin EIA ti 1992 ní kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ máa ṣe sí àyíká kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, NOSDRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí epo tó bá dà, ti wà láti 2006, wọ́n tiẹ̀ ń gbé àkọsílẹ̀ ibi tí epo ti dà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dáa, àmọ́ kíka iye ìgbà tí epo dà yàtọ̀ sí kíka ohun tó kù láàyè nísàlẹ̀. Ní May 2020 kànga Ororo-1 bú nínú òkun nítòsí Awoye ní Ìlàjẹ, iná ẹ̀ jó fún ọdún bíi mélòó kan. Ìbéèrè tí mo máa kọ́kọ́ bi àwọn aláṣẹ nípa ẹ̀ ni pé níbo ni àkọsílẹ̀ ilẹ̀ òkun ibẹ̀ wà, ti ṣáájú iná àti ti ẹ̀yìn ẹ̀, ká fi wọ́n síta.

Tí èmi apẹja bá rí epo lójú omi, kí ni kí n ṣe?

Ẹ fi fóònù ya á kí déètì àti ibi tó wà hàn, ẹ pe NOSDRA. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bù lára ẹ̀, ìgò oní-gíláàsì tó mọ́ ni o, ẹ má lo ọ̀rá tàbí ike torí ike lè da nǹkan tiẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, ẹ gbé e síbi tútù tí oòrùn ò dé, ẹ wá ẹlẹ́rìí kan kó wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń bù ú. Ẹ sì máa kọ iye ẹja tẹ́ ẹ bá pa sílẹ̀ lójoojúmọ́, àti irú ẹja tó jẹ́, kódà nígbà tí kò tíì sí epo kankan lójú omi.