Ó rẹ ọlọ́pàá, ó sú ọlọ́pàá: ọ̀tọ̀ ni méjèèjì

Mo ti rí “jíjóná” lẹ́ẹ̀mẹta báyìí gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ “burnout”, ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà tí iṣẹ́ bá tán èèyàn lókun pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń kọ̀wé nípa ohun tí iṣẹ́ ń fi ojú ọlọ́pàá rí. “Ọlọ́pàá náà ti jóná.” Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé yín? Ẹni tó bá gbọ́ ọ á béèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ ni. Àwọn mìíràn ní ká máa pè é ní másùnmáwo. Àmọ́ másùnmáwo ni ọ̀nà. Ohun tí à ń wí yìí ni ibi tí ọ̀nà náà já sí.

“Ìsúni” ni èmi mú fún “burnout”, mi ò sì ní yí i padà. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ya “rẹ̀” sọ́tọ̀ kúrò lára “sú”. Bó bá rẹ̀ ọ́, sùn, wàá jí sáká. Bó bá sú ọ, o lè sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, bákan náà lo máa jí. Ẹnì kan bá mi jiyàn pé ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ni “sú”. Rárá o! Ohun téèyàn ò ṣe rí kì í sú u. Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó kọ̀wé nípa ìsúni yìí lọ́dún 1974, ara àwọn tó ń fi ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní New York ló ti rí i, àti lára òun fúnra rẹ̀. Ṣé ọ̀lẹ nìyẹn?

Ohun mẹ́ta ni Christina Maslach, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kà sí i: okun á tán, ojú àánú á fọ́, onítọ̀hún á sì máa wò ó pé òun ò já mọ́ nǹkan kan lẹ́nu iṣẹ́ òun. “Sú” gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ lọ́dún 2019 pé kì í ṣe àìsàn, ibi iṣẹ́ ló ti ń wá.

Ẹ wo kànga tí wọ́n ń fà tọ̀sán-tòru, tí wọn ò jẹ́ kó sun. Korobá ò ní yéé wọlé, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ló máa gbé jáde. Ẹrẹ̀ yẹn ni ará ìlú ń bá pàdé ní kántà. Ní àgọ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan ń sunkún pé wọ́n jí ọ̀kadà ọmọ òun gbé. Kóńsítébù ò gbójú sókè. “Orúkọ?” Ìyá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò rẹ̀ mí. Ó ti sú mi ni.”

Nítorí náà ni inú mi ṣe dùn lọ́dún 2019 tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Mohammed Adamu, pàṣẹ pé kí dúútì wákàtí 12 di wákàtí 8. Wákàtí mẹ́rin tó kù yẹn ni omi fi ń sun.