Bí Spark Ṣe Ń Lo Gbogbo Core Inú Kọ̀ǹpútà Kan

Kí ọdún 2005 tó dé, core kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú pírósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò nílé àti ní ọ́fíìsì. Core yìí ni apá tó ń ṣe ìṣirò gan-an. Lónìí, laptop tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé lọ sí kíláàsì ní Àgọ́-Ìwòyè lè ní mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kò sì ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó yẹ kó yani lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ lórí àkọsílẹ̀ ṣì ń lo ọ̀kan péré títí ẹnìkan á fi sọ fún un pé kó lo ìyókù. Ọ̀kan á máa làágùn, àwọn tó kù á káwọ́ lẹ́rán.

Ká fi ẹgbẹ́ oníṣòwò obì kan ní Sábó, Ṣágámù, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní wọ́n ti ń tẹ àkọsílẹ̀ rírà àti títà wọn sínú kọ̀ǹpútà láti ọdún pípẹ́: ọjọ́, ìlú tí ẹrù ti wá, bóyá gbànjà ni tàbí àbàtà, ìwọ̀n rẹ̀, iye tí wọ́n tà á. Bí ìlà àkọsílẹ̀ bá ti kọjá 1,048,576, Excel kò lè gbà á sójú ewé kan mọ́, ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ náà ṣe ìṣirò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan mìíràn. Apache Spark, sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ lórí àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ, wà lára ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Yunifásítì California ní Berkeley ni Matei Zaharia ti bẹ̀rẹ̀ Spark lọ́dún 2009. Lọ́dún 2013 ó bọ́ sọ́wọ́ Apache Software Foundation. Kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ tí wọ́n so pọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kí iṣẹ́ tó ju agbára ẹ̀rọ kan lọ lè pín sórí ọ̀pọ̀. Àmọ́ ó ní ọ̀nà ìlò kan tí kò gbà ju ẹ̀rọ kan lọ, tí wọ́n ń pè ní local. Lọ́nà yìí, inú ètò Java kan ṣoṣo ni ohun gbogbo ti ń ṣẹlẹ̀: driver tó ń pín iṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe é náà wà níbẹ̀. Dípò kọ̀ǹpútà púpọ̀, thread púpọ̀, ìyẹn iṣẹ́ tó ń lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ètò kan náà, ni yóò wà, tí core kọ̀ọ̀kan á máa mú ọ̀kan ṣe.

Ètò tó ń jẹ́ master ló ń pinnu iye thread náà. Bí a bá kọ `local` lásán síbẹ̀, thread kan ni. `local[4]` jẹ́ mẹ́rin. `local[*]`, tó ní àmì ìràwọ̀ nínú, ń sọ fún Spark pé kó ka iye core tó bá nílẹ̀, kó sì ṣí thread tó bá a dọ́gba. Ẹni tó bá ṣí spark-shell tàbí pyspark, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Spark ní tààrà, láì sọ ohunkóhun nípa master, tí kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀ nínú fáìlì ètò, ìràwọ̀ yẹn ni Spark máa lò fúnra rẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi ń jẹ́ core kan ló sábà ń ṣiṣẹ́? Inú kóòdù ni kí a kọ́kọ́ wò. Àwọn àpẹẹrẹ tí àwọn èèyàn ń dà kọ kiri sábà máa ń ní `.master("local")` nínú. Ibi mẹ́ta ni a ti lè sọ ọ̀rọ̀ master: nínú kóòdù, nínú àṣẹ spark-submit (tí a fi ń gbé ètò fún Spark) pẹ̀lú `--master`, àti nínú fáìlì spark-defaults.conf. Ti inú kóòdù ló lágbára jù, ti inú àṣẹ ló tẹ̀ lé e, ti inú fáìlì ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó kọ ìràwọ̀ sínú àṣẹ nígbà tí `local` lásán ti wà nínú kóòdù kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni. Ó sàn kí master má sí nínú kóòdù rárá. Ohun kékeré kan tún wà: zsh, shell tó ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà Mac, máa ń ka `[*]` sí ọ̀nà tí a fi ń wá orúkọ fáìlì, á sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Bí a bá kọ ọ́ báyìí, `'local[*]'`, wàhálà tán.

Iye tí ìràwọ̀ náà ń kà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ iye core tó wà nínú irin gan-an. Láti ọdún 2002 ni Intel ti gbé hyper-threading jáde, èyí tó ń mú kí core kan fara hàn bí méjì lójú Windows tàbí Linux. Pírósẹ́sọ̀ tó ní core mẹ́rin lè tipa bẹ́ẹ̀ di mẹ́jọ lójú Spark. Kò sọ agbára di ìlọ́po méjì o, torí ẹ̀rọ ìṣirò kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Lórí Linux, àṣẹ `nproc` máa ń sọ iye náà. Lórí Windows, Task Manager máa ń fi oríṣi iye méjèèjì hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ Performance.

Ìràwọ̀ ń pèsè òṣìṣẹ́. Kì í gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ fún wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ègé ègé ni Spark máa ń pín àkọsílẹ̀ sí, partition ni wọ́n ń pe ègé kọ̀ọ̀kan, thread kan ló sì ń mú ègé kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ègé bá jẹ́ ẹyọ kan, thread méje nínú mẹ́jọ kò ní rí nǹkan kan ṣe. Fáìlì CSV lásán, tí kọ́mà ń pín ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kò ní wàhálà: Spark á gé e, bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ègé kankan kò ní ju 128 MB lọ, ó sì máa ń wo iye core kó tó gé e, kí fáìlì tí kò tóbi púpọ̀ náà lè kárí. Ṣùgbọ́n ká ní ẹni tó fi fáìlì obì yẹn ránṣẹ́ láti Ṣágámù fi gzip fún un pọ̀ kó má baà jẹ dátà. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ fáìlì `.gz` kò ṣeé já wọ̀ láti àárín. Ẹni tó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí. Nítorí náà, bó ti wù kó tóbi tó, ègé kan ni Spark máa kà á sí, core kan ni yóò sì kà á. CSV tí a bá ní kí Spark kà pẹ̀lú multiLine, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú àpótí kan lè bọ́ sí ìlà kejì, bákan náà ló ń rí.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. A lè tú fáìlì náà kí a tó kà á. A lè kọ `repartition(8)` lẹ́yìn tí a bá kà á tán, kí iṣẹ́ tó kù lè pín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkà náà fúnra rẹ̀ ṣì máa wà lọ́rùn core kan. Bó bá jẹ́ pé lemọ́lemọ́ ni a ó máa lò ó, kí a kà á lẹ́ẹ̀kan kí a sì tọ́jú rẹ̀ bíi Parquet, irú fáìlì tó ṣeé gé sí ègé, ló dára jù. Bí fífún un pọ̀ bá sì pọn dandan, fáìlì oṣooṣù méjìlá sàn ju ti ọdún kan gbáko lọ, torí fáìlì kọ̀ọ̀kan á jẹ́ ègé tirẹ̀.

Lẹ́yìn kíkà ni ìkójọ, bíi kí a fẹ́ mọ iye obì tó wá láti ìlú kọ̀ọ̀kan. Níbí, Spark gbọ́dọ̀ tún àwọn ìlà náà pín kí ti ìlú kan lè pàdé níbì kan, ègé 200 ló sì máa ń pín wọn sí bí a kò bá yí `spark.sql.shuffle.partitions` padà. Fún laptop tó ní core mẹ́jọ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀, 200 ti pọ̀ jù. Ìṣètò ègé lè gba àkókò ju ìṣirò lọ. Láti Spark 3.2 tó jáde lọ́dún 2021, ó ti ń da ègé kéékèèké pọ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń lo èyí tó ti pẹ́ lè dín in kù sí 8 tàbí 16.

Ká wá ní ìdajì gbogbo ìlà yẹn jẹ́ ti Ṣágámù, tí ìdajì kejì pín sáàárín Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn, Òde-Rẹ́mọ àti Ìsarà. Bó bá jẹ́ àròpọ̀ lásán ni a fẹ́, kò sí ewu, torí thread kọ̀ọ̀kan á ti ro èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbé e lọ pàdé ti àwọn yòókù. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni a fẹ́ to títà ìlú kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn, gbogbo ìlà Ṣágámù gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ègé kan. Àwọn yòókù á parí, wọn á dúró. Core kan ṣoṣo á máa bá Ṣágámù yí. Kíkó ọdún mọ́ ìlú nígbà tí a bá ń pín in máa ń tú u, bí ìbéèrè náà bá gbà bẹ́ẹ̀.

Mẹ́mọ́rì ni ohun kejì tí ìràwọ̀ kì í bójú tó. Nínú local, ti driver ni gbogbo thread jọ ń jẹ, 1 GB péré sì ni Spark ń fún driver bí a kò bá sọ nǹkan kan. Yóò yọ 300 MB sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, yóò mú ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìyókù fún iṣẹ́ àti ìtọ́jú. Èyí jẹ́ nǹkan bíi 434 MB. Bí thread mẹ́jọ bá jọ ń ṣiṣẹ́, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kò lè ju bíi 54 MB lọ. Ìdí rèé tí ètò tó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ pẹ̀lú `local[2]` fi lè kú pẹ̀lú `local[*]`, tí yóò sì kọ Java heap space sílẹ̀, ìyẹn ni pé mẹ́mọ́rì tí Java ń lò (heap) ti tán. Yíyí `spark.executor.memory` padà kò ní ṣe nǹkan kan níbí. Ohun tí a ó kọ sínú àṣẹ ni `--driver-memory 6g`, bí RAM kọ̀ǹpútà náà bá gbà á. Bí spark-submit ni a fi ń ṣiṣẹ́, kíkọ ọ́ sínú kóòdù kò wúlò, torí Java ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tó bá nílẹ̀ kí kóòdù tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń kọ iṣẹ́ tirẹ̀ ní Python nínú Spark ní láti fi àyè sílẹ̀ síta heap pẹ̀lú, torí ètò Python lọ́tọ̀ ni Spark ń ṣí láti fi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí a bá tilẹ̀ ṣe gbogbo èyí, core mẹ́jọ kì í sọ wákàtí mẹ́jọ di ẹyọ kan. Gene Amdahl ṣàlàyé ìdí rẹ̀ lọ́dún 1967: apá iṣẹ́ tí kò ṣeé pín ló ń pààlà. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá bá jẹ́ irú rẹ̀, core mẹ́jọ máa yá ju ẹyọ kan lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 4.7, ẹgbẹ̀rún core pàápàá kò sì ní sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú ti mọ èyí. Ogún èèyàn lè jókòó bẹ pákí, ogún lè pín yíyan rẹ̀. Ọjọ́ tí pákí lílọ̀ gbọ́dọ̀ lò nínú àpò kó tó kan kò ní tìtorí wọn dín kù. Nínú Spark, lára irú apá bẹ́ẹ̀ ni `collect()` àti `toPandas()`, tó ń kó gbogbo èsì wá sọ́wọ́ driver. Ìkan tó burú jù ni `coalesce(1)`, tí àwọn èèyàn fẹ́ràn nítorí kí èsì lè jẹ́ fáìlì kan: ó lè fa iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ náà sórí core kan. `repartition(1)` máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn kọ́kọ́ parí lórí gbogbo core.

Iná náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí iná bá lọ tí laptop bọ́ sórí bátìrì, ọ̀pọ̀ laptop máa ń dín eré pírósẹ́sọ̀ kù, gbogbo core tó ń ṣiṣẹ́ á sì tètè fa bátìrì gbẹ. Ooru náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bó bá ti gbóná kọjá ààlà, pírósẹ́sọ̀ á rọra. Nínú ọ́fíìsì tí fáànù kò sí, `local[6]` lórí ẹ̀rọ onímẹ́jọ lè parí ní àkókò kan náà pẹ̀lú ìràwọ̀, èèyàn á sì tún lè máa fi ẹ̀rọ náà kọ lẹ́tà lọ́wọ́.

Láti mọ̀ bóyá gbogbo core ń ṣiṣẹ́, kí a ṣí `localhost:4040` nínú browser nígbà tí ètò náà ṣì ń lọ. Bí a bá wọ inú stage kan, ìyẹn ìpele iṣẹ́ kan, tí a ṣí Event Timeline rẹ̀, àwọn ọ̀pá tó wà níbẹ̀ á fi hàn: mẹ́jọ tó jọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn dára, ọ̀kan gígùn tó dá wà ni gzip tàbí Ṣágámù.

Kì í ṣe gbogbo irinṣẹ́ ló nílò irú ètò yìí. DuckDB àti Polars ń lo gbogbo core láìjẹ́ pé a sọ fún wọn, fún àkọsílẹ̀ tó gba inú laptop kan, wọ́n sì sábà máa ń yá ju Spark lọ. Core kan ni pandas, irinṣẹ́ Python, ń lò fún ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ rẹ̀. Ti data.table inú èdè R yàtọ̀: ìdajì ló ń mú, kó lè fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ẹni tó bá sì fẹ́ gbogbo rẹ̀ á kọ `setDTthreads(0)`.