Bí omi ẹ̀wà ṣe di kírísítálì

Àwọn ìyá tó ń ṣe wàrà ní Ìlọrin mọ ọgbọ́n kan: wọ́n á fún oje ewé bọmubọmu sí mílíìkì màlúù tó wà lórí iná, kò ní pẹ́ tí mílíìkì á fi ṣù jọ, tí omi rẹ̀ á ya sọ́tọ̀. Ohun tó wà nínú oje yẹn ń gé purotéènì mílíìkì ni. Mo mẹ́nu kàn án torí pé purotéènì kan wà nínú èso àwọn ewéko kan tó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gígé ni òun fi ń mú un ṣù. Ṣúgà ló ń dì mú.

Inú èso lárà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, lárà tó ń hù fúnra rẹ̀ létí ààtàn wa yìí. Lọ́dún 1888, Peter Hermann Stillmark, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Dorpat (Tartu ni wọ́n ń pè é lónìí, ní Estonia), yọ májèlé inú èso náà, ó dà á mọ́ ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n ṣù bí àmàlà oní kókó. Ó sọ ọ́ ní ricin. Kò pẹ́ tí wọ́n tún rí irú rẹ̀ nínú ojú ológbò, wọ́n pe tiyẹn ní abrin. Ojú ológbò yẹn náà ni o, èso pupa olójú dúdú tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti fi ṣeré. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ irú purotéènì bẹ́ẹ̀ di kírísítálì? James Sumner ni, ará Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ìbọn bà á lápá òsì nínú ìgbẹ́ ọdẹ, tí wọ́n sì gé apá náà. Ọwọ́ òsì ló sì ń lò tẹ́lẹ̀! Nígbà tó dé yunifásítì Harvard, Otto Folin, ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀, gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, pé kẹ́mísírì kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́wọ́ kan. Kò gbọ́.

Ní yunifásítì Cornell, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní jack bean, ẹ̀wà funfun ńláńlá tí pódi rẹ̀ gùn bí idà. Urease, ẹ́ńsáìmù kan (ohun tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà yá nínú ohun abẹ̀mí), ló ń wá níbẹ̀. Lọ́dún 1919, kí ó tó rí ohun tó ń wá, purotéènì mìíràn ti di kírísítálì mọ́ ọn lọ́wọ́: concanavalin A.

Kí ni kírísítálì yìí? Ẹ rántí ṣúgà Bacita, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe é ní Kwara níbí: omi ìrèké ni wọ́n ń sè títí horo á fi yọ. Purotéènì kò ṣeé sè bẹ́ẹ̀. Iná á bà á jẹ́ bí ó ṣe ń sọ ẹyin di líle. Sùúrù ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á yí iyọ̀ tàbí omi tó wà nínú rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, títí àwọn purotéènì á fi rọra to ara wọn. Ẹni tó bá kánjú, pàǹtí lásán ló máa rí. Ọdún 1926 ni Sumner tó rí urease rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 9, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 1946.

Concanavalin A wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1936 ni Sumner àti Howell fi hàn pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣù, àti pé bí èèyàn bá bu ṣúgà sí i, ṣíṣù náà á dáwọ́ dúró. Ìdí rẹ̀ rọrùn: ṣúgà wà lára sẹ́ẹ̀lì. Ojú ibi tí purotéènì náà fi ń di ṣúgà mú jẹ́ mẹ́rin, nítorí náà ó lè di sẹ́ẹ̀lì kan mú níhìn-ín, kó di òmíràn mú lọ́hùn-ún. Tí ṣúgà mìíràn bá ti kún ọwọ́ rẹ̀, kò lè so ẹnikẹ́ni pọ̀ mọ́.

Boyd àti Shapleigh ló fún ìdílé wọn lórúkọ ní 1954: lectin, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí kí á ṣa nǹkan yàn. Wọ́n ti rí i pé òmíràn nínú wọn á mú ẹ̀jẹ̀ gúrúùpù A ṣù, kò sì ní fọwọ́ kan B.

Láti mọ bí ọwọ́ náà ṣe rí gan-an, kírísítálì tún di dandan. Inú rẹ̀ ni àwọn purotéènì ti tò bí ìlà àwọn olùkírun ní Yídì. X-ray tó bá kọjá láàárín wọn á fọ́n ká ní ìlànà, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣírò ibi tí átọ́ọ̀mù wà. Ní 1972, ikọ̀ méjì parí rẹ̀: ti Gerald Edelman, tó gba Nobel lórí iṣẹ́ mìíràn lọ́dún yẹn gan-an, àti ti Hardman àti Ainsworth. Wọ́n rí mẹ́táàlì méjì, manganese àti calcium, tó jókòó sínú purotéènì náà. Ẹ̀wà tí Sumner lọ ti wá ní àwòrán. Sumner fúnra rẹ̀ ti kú ní 1955.